Àjà Tí Bàbá Oyèlárán Tìlẹ̀kùn Mọ́rí Ṣe

Ọjọ́ Ajé ni Sàúdátù kọ́kọ́ dúró sábẹ́ àjà náà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀, ni, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ọ̀nà yunifásítì. Olóògbé Oyèlárán, tó jẹ́ bíríkìlà, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Páìpù ilé ìwẹ̀ òkè ti ń jò díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó fura. Nígbà tí wọ́n fi máa mọ̀, àjà pálọ̀ ìsàlẹ̀ ti wú, ó ti sán, apá kan tó fẹ̀ tó ẹní méjì sì ti já lulẹ̀ sórí àga onítìmùtìmù. Kọnkéré dúdú ló kù níbẹ̀.

Ìyókù àjà náà wà bó ṣe wà láti ọdún 1986. Bàbá Oyèlárán po ọ̀dà tó ki bí ẹ̀kọ, ó rẹ́ ẹ mọ́ kọnkéré, kó tó gbẹ ló sì ti ya ìpẹ́ ẹja sí i lára, ìpẹ́ lórí ìpẹ́, láti ògiri dé ògiri. Ìlà mẹ́sàn-án ló wà nínú ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ti òde nípọn, ti inú tín-ín-rín bí òwú. Ní ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé, èèyàn á rò pé omi ló ń ṣàn lókè.

Kò sí ẹni tó rí i nígbà tó ń ṣe é. Bàbá Oyèlárán máa ń tilẹ̀kùn mọ́rí ni tó bá kan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé mẹ́rin péré ló ṣe é sí ní Ifẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì tìlẹ̀kùn ṣe. Àwọn èèyàn ní oògùn wà níbẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ní ó máa ń bọ́ra sí ìhòòhò kó tó gun àkàbà. Wọ́n ti wó mẹ́ta nínú àwọn àjà náà. Ti ilé ara rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù.

Opó rẹ̀, Màmá Oyèlárán, ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ọmọ wọn, Adédàmọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ti bá àwọn oníṣẹ́ PVC sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi pákó oníke wọn bo gbogbo àjà náà láti igun dé igun. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀. Màmá kò bá a jà. Ó kàn ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tó lè tún un ṣe. Ẹnì kan lágbègbè náà dárúkọ obìnrin akunlé kan tó ń gbé ní ẹ̀bá Modákẹ́kẹ́, bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe Sàúdátù nìyẹn. Adédàmọ́lá la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún un lórí fóònù.

"Ìyá Màjíìdì, mi ò ní tàn yín," ó ní. "Lọ́jọ́ Ẹtì, màá dúró sí àárín pálọ̀, màá gbójú sókè. Tí mo bá lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́, a máa bo gbogbo ẹ̀. Tí mi ò bá rí i, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án mọ́."

Sàúdátù ní òun ti gbọ́. Ó padà sábẹ́ àjà, ó sì dúró wò ó títí ọrùn fi ń ro ó.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni Sàúdátù. Ìwó ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Abdulmajeed ni àkọ́bí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Màjíìdì. Ọwọ́ òsì ni wọ́n bí mọ́ ọn. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ máa ń fi àjákù gèlè di ọwọ́ náà mọ́ ọn níbàdí tí oúnjẹ bá délẹ̀. Ní ilé-kéwú, ààfáà nà án ní pàṣán nítorí pé ó fi òsì gba wàláà. Kò sí ẹni tó kórìíra rẹ̀ nínú wọn. Wọ́n fẹ́ kó dàgbà di ẹni tó lè na ọwọ́ sí àgbà láìjẹ́ pé wọ́n bú ìyá rẹ̀ ni.

Ó pé ogún ọdún kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Èṣùbíyì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbàgbé ara, ó fi òsì mú búrọ́ṣì. Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Ṣé ọwọ́ tí o fi ń ṣàndí lo fẹ́ fi kun yàrá oníyàrá?" ó bi í. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ fún gbígbé garawa. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó sì kọ́ ọ débi pé ìlà tó bá fà kì í wọ́. Síbẹ̀, lẹ́yìn tó gba òmìnira tán, géètì àti ògiri ìta ni wọ́n sábà máa ń gbé fún un. Wọ́n ní iṣẹ́ àjà le fún obìnrin. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ra àkàbà tirẹ̀, ó ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa pè é.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó bi Màmá bóyá irinṣẹ́ Bàbá kan ṣì wà nílé. Màmá wọ yàrá, ó gbé agolo bisikíìtì kan jáde. Pákó ìrókò kan ló wà nínú rẹ̀ tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n gé eyín mẹ́sàn-án sí i lẹ́nu bí òòyà, ńlá lápá kan, wẹ́wẹ́ lápá kejì. Wọ́n fá ojú kan rẹ̀ kó lè máa yọ̀ lórí ọ̀dà. Lójú kejì, àtàǹpàkò ti jẹ ihò kékeré sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Sàúdátù kan pákó fẹ́lẹ́ mọ́ abẹ́ àtẹ̀gùn, kó lè máa gbójú sókè ṣiṣẹ́ bí ẹni tó wà lábẹ́ àjà. Ó po ọ̀dà pẹ̀lú simẹ́ńtì funfun. Ó ń kán àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ìyeyè sí i ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan títí ó fi bá funfun àtijọ́ náà mu, funfun tó ti fẹ́ jọ wàrà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọ̀ ti bára mu, bó ṣe ki ti bára mu, ìlà mẹ́sàn-án sì wà nínú ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó gbé pákó náà lọ síbi tí àjà ti já, ó gbé e sókè sí i. Ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n fi ojúlówó aṣọ kan lẹ ojúlówó aṣọ mìíràn. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì, àmọ́ wọn kì í ṣe aṣọ kan náà. Kò mọ ìdí. Ó ha ọ̀dà náà dànù, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Rú, ó ti ha pákó náà nígbà mẹ́fà kí Akínkúnlé tó dé. Akínkúnlé ni ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ PVC, ó wá wọn pálọ̀. Òun àti Sàúdátù jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Èṣùbíyì ni, kó tó fi ọ̀dà sílẹ̀. Ó bá a lábẹ́ àtẹ̀gùn pẹ̀lú òòyà ìrókò lọ́wọ́, ọ̀dà sì ti kán sí i ní ìborùn.

"Ẹ wá wò ó, Ìyá Màjíìdì ń ya irun fún àjà," ó sọ fún ẹni tí wọ́n jọ wá. "Ṣé sùkú lẹ fẹ́ dì fún un ni àbí kòlẹ́sẹ̀?"

"Èyí tó bá wù mí ni," Sàúdátù dá a lóhùn, kò wẹ̀yìn. "Ó ṣáà nírun lórí. Ìwọ tó o fẹ́ fi ike dé e bí apárí ńkọ́?"

Akínkúnlé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wọn pálọ̀ tán, ó padà wá, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ó rán an létí pé Ọ̀gá àwọn pàápàá gbìyànjú láti ya irú àjà yìí rí, ní ilé kan ní Ẹdúnàbọ̀n, fún odidi ọjọ́ mẹ́fà, ó sì pa á tì. Bí iṣẹ́ bá lóògùn nínú, ó ní, ẹni tó ni oògùn ló kú yẹn. Kó má fi ọrùn rẹ̀ ṣòfò. Aago mẹ́wàá ọjọ́ Ẹtì ni àwọn máa dé.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Sàúdátù kírun Àsárì, ó gun àkàbà lọ sókè, ó sì dijú. Ó ti fi ojú wo àjà náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó wá fẹ́ fi ọwọ́ wò ó. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́yìn náà ó bọ́ sórí èkejì.

Gbogbo ẹni tó bá fa ọ̀dà kíki mọ̀ pé ibi tí ọwọ́ bá dúró sí ni ọ̀dà máa ń wọ́jọ sí, á ṣe gọ̀ǹgọ̀ díẹ̀. Lára àjà Bàbá Oyèlárán, ọwọ́ òsì ni gọ̀ǹgọ̀ náà wà nínú gbogbo ìpẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ kan pákó tirẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni tirẹ̀ wà. Ó gbìyànjú láti fa ìlà láti ọ̀tún wá sí òsì, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ rẹ̀ há, ìpẹ́ náà sì rì pẹlẹbẹ. Ó yí òòyà padà. Eyín ńlá bọ́ sínú, wẹ́wẹ́ bọ́ sóde.

Òógùn bo ojú rẹ̀. Ó gbé òòyà náà sí ọwọ́ òsì kó lè fi ọ̀tún nu ojú. Àtàǹpàkò òsì rẹ̀ sì bọ́ sínú ihò inú pákó náà, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹyin inú ìtẹ́.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Màmá ti ń bó ẹ̀gúsí, ó sì kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọwọ́ wo ni Bàbá fi ń ṣiṣẹ́?"

Màmá kò gbójú sókè. Ó bó ẹ̀gúsí mẹ́ta, mẹ́rin.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Pákó yẹn ni, mà. Pẹ̀lú àjà."

Màmá gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ òun fi ń jẹun, òun ló fi ń kí èèyàn, òun ló sì fi ń rẹ́ ògiri lójú gbogbo ayé. Iṣẹ́ ọ̀tún rẹ̀ kò burú, kò sì dára ju ti ẹlòmíràn lọ. Òsì ni Ọlọ́run fi iṣẹ́ sí. Ní ọdún kan, kí wọ́n tó bí Adédàmọ́lá, onílé kan yọ sí i lórí iṣẹ́, ó rí ọwọ́ tó fi ń ya àjà, ó sì ní kó ha gbogbo rẹ̀ kúrò, pé òun kò lè fi ìyàwó òun sùn sábẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ òsì. Oyèlárán ha á. Láti ọjọ́ náà ló ti ń tilẹ̀kùn. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé oògùn ló ń lò, ó ní kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Ó sàn kí wọ́n máa bẹ̀rù òun ju kí wọ́n máa fi òun rẹ́rìn-ín. Adédàmọ́lá pàápàá kò mọ̀.

"Èmi ni mo máa ń mú kọ́kọ́rọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà," Màmá ní. "Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ilé bàbá Dàmọ́lá rèé. Ọwọ́ òsì ló kọ́ ọ."

Sàúdátù wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó wà lórí itan.

"Èmi náà, mà," ó ní. "Wọ́n dì í ni."

Màmá wò ó lọ títí. Ó fa àwo ẹ̀gúsí rẹ̀ mọ́ra.

Kílẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó mọ́ kedere ni Sàúdátù ti dé. Ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìnlélógún kì í dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpẹ́ àkọ́kọ́ tó fi òsì yà dà bí ohun tí ọmọdé fi igi kọ sílẹ̀. Ó ha á. Ìkejì kò sàn jù ú lọ. Ejìká ń ro ó, ó sì ń bá ọwọ́ náà wí lábẹ́lẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ wí. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó ṣíwọ́ ìbáwí, ó jẹ́ kó lọ bó ṣe fẹ́. Ó lọ. Ó tẹ̀ láti ọ̀tún wá sí òsì nírọ̀rùn, ó sì sinmi síbi tí Bàbá Oyèlárán máa ń sinmi sí. Sàúdátù gbé pákó náà sókè sí ẹ̀gbẹ́ àjà. Ó rọra gbé e sílẹ̀, ó lọ fọ ojú.

Kò gé etí ibi tó já ní gbọọrọ. Ó fi ọ̀bẹ tẹ̀ lé eteetí ìpẹ́ àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí oríkèé, ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́, má bàa bọ́ sí ojú pẹlẹbẹ. Ó gbọn eruku, ó fi omi gọ́ọ̀mù kun kọnkéré kí ọ̀dà lè lẹ̀ mọ́ ọn, ó dúró kó mu ún. Nígbà tó ń po ọ̀dà, Màmá jáde wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Ṣé kí n tì í?"

"Ẹ jẹ́ kó wà ní ṣíṣí, mà," Sàúdátù ní. "Mo fẹ́ ìmọ́lẹ̀."

Màmá dúró díẹ̀, ó sì ti ìlẹ̀kùn náà mọ́ ògiri gbagada. Ó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí nígbà ayé ọkọ rẹ̀. Àmọ́ ilé ló kọjú sí lọ́tẹ̀ yìí.

Ìdajì iṣẹ́ ti lọ nígbà tí Akínkúnlé kó pákó oníke rẹ̀ dé sílẹ̀ de ọjọ́ kejì. Ó kí Màmá, ó yọjú wọlé, ó sì la ẹnu láti dápàárá. Ó rí ọwọ́ tó wà lókè. Ó wo àjà náà láti ògiri kan dé èkejì, ó tún wo ọwọ́ náà.

"Ọ̀gá ì bá pa yín," ó ní nígbẹ̀yìn.

"Ó ń gbẹ," Sàúdátù ní láti orí àkàbà. "Gbé garawa yẹn fún mi."

Ọ̀dà kíki kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá gbẹ lójú kan kí wọ́n tó fa ojú kejì, oríkèé á hàn títí ayé. Akínkúnlé mọ èyí dáadáa. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́ ìlẹ̀kùn, ó gbé garawa, ó sì ń sún àkàbà kejì tó gbé wá tẹ̀ lé e títí ìpẹ́ ìkẹyìn fi bọ́ sí ipò. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mìíràn ju "sún un" àti "ó tó" lọ. Iná wà mọ́jú ọjọ́ kejì, fáànù sì ń fẹ́ sí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni Adédàmọ́lá dé láti Ìbàdàn. Ó kí ìyá rẹ̀, ó kí Sàúdátù, ó bọ́ sí àárín pálọ̀, ó sì gbójú sókè bó ṣe wí. Akínkúnlé àti àwọn èèyàn rẹ̀ dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú pákó wọn.

Ó yí po lẹ́ẹ̀kan. Ó tan iná fóònù rẹ̀, ó sì nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pé ibẹ̀ nìyí. Màmá ní bàbá rẹ̀ ló dí ibẹ̀ fúnra rẹ̀, ní ọdún tí ọkọ̀ gbá ògiri. Ó sún sí apá ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbé ìka sókè, ó rò ó, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó gun àkàbà. Ó sọ̀ kalẹ̀. Sàúdátù dúró ti ògiri, ọwọ́ lẹ́yìn. Kò wo ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà, kí ojú rẹ̀ má bàa tọ́ka fún un.

Adédàmọ́lá kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Akínkúnlé, ìwọ lo jẹ́ oníṣẹ́. Níbo ló wà?"

Owó iṣẹ́ Akínkúnlé ni wọ́n ń sọ yìí, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló sì mọ̀. Ó wọlé, ó gbójú sókè, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Mo wà níbí nígbà tí wọ́n ń ṣe é, sà," ó ní. "Mi ò rí i."

Adédàmọ́lá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó pa iná fóònù rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa kó pákó náà padà. Ó ní kí Sàúdátù sọ fún òun bó ṣe rí i ṣe, nígbà tó jẹ́ pé oògùn ni gbogbo ayé ń pè é. Sàúdátù wo Màmá. Ọ̀rọ̀ ilé ẹni ẹlẹ́ni kọ́ ni àlejò á máa sọ.

"Ọwọ́ òsì bàbá rẹ ló ṣe é," Màmá ní. "Ọwọ́ òsì ẹni yìí ló tún un ṣe. Òun ni gbogbo oògùn tó wà níbẹ̀."

Adédàmọ́lá jókòó sórí apá àga. Ó ní òun rántí pé òun máa ń fetí sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun á máa gbọ́ bí eyín pákó ṣe ń ha, òun sì rò pé ọfọ̀ ni Bàbá ń pè. Lẹ́yìn náà ó tún gbójú sókè, àmọ́ kì í ṣe oríkèé ló ń wá mọ́.

Sàúdátù ti ń palẹ̀ mọ́. Ó fọ òòyà ìrókò náà, ó nù ún gbẹ, ó sì dá a padà sínú agolo rẹ̀. Màmá ṣí agolo náà, ó mú òòyà jáde, ó sì nà án sí i.

Sàúdátù kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún láti gbà á, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Màmá kò fi sílẹ̀. Ó di òòyà náà mú, ojú rẹ̀ kò kúrò lára tirẹ̀, ó ń dúró. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó yé Sàúdátù. Ó sọ ọwọ́ ọ̀tún kalẹ̀ sórí itan, ó sì na òsì.